Ojú ilé wa ní Pópó Àgùdà, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án

Oṣù tó kọjá ni Bọ̀dá Kúnlé fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí láti Manchester. Ilé ìgbèríko ńlá kan ti àwọn Òyìnbó ni, funfun báláú, òpó mẹ́rin níwájú ẹ̀, wíńdò tò lápá ọ̀tún, ó tò lápá òsì bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, koríko tútù wá tẹ́ lọ súà níwájú ẹ̀ débi tójú ò tó mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò yẹn pé bí ojú ilé wa ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyí ká tó ṣe ìrántí Bàbá lọ́dún tó ń bọ̀, pé ká má da ara wa láàmú nípa owó, àwọn ti bá kọntirátọ̀ kan sọ̀rọ̀, ó lóun á fi alúkóbọ́ǹdù, àwọn páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń bo ògiri, bo gbogbo iwájú ilé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun á wá gbé òpó mẹ́rin síwájú ilẹ̀kùn àbáwọlé. Kí n tó kà á tán, àwọn ẹbí ti ń fi "Àmín" àti àtẹ́wọ́ ránṣẹ́.

Èmi ò lè ṣàmín. Àyà mi já ni.

Ilé wa wà ní Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó (Lagos Island), kò jìnnà sí Campos. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn á ti mọ irú ilé tí mò ń sọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ògiri amọ̀ tó nípọn bí apá àgbàlagbà ṣe gùn, wíńdò onígi tó ga, ọnà tí wọ́n fọwọ́ ṣe sókè ilẹ̀kùn àti yíká wíńdò. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wálé ló kọ́ irú ẹ̀ káàkiri ibẹ̀, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó mọṣẹ́ dénú eegun. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 1894, tẹ́ẹ bá dúró síwájú ẹ̀ lónìí ẹ máa rí irú ọwọ́ kan náà tó wà lójú ilé wa, ewé, òdòdó, ọnà tó ká roboto bí etí. Mo ti ń wo ọnà yẹn látìgbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi.

Iṣẹ́ àwòrán ilé náà ni mò ń ṣe jẹun. Mo wà lọ́fíìsì ákítẹ́ẹ̀tì kan ní Yábàá, ọdún kọkànlá mi rèé ńbẹ̀, èmi ni mo máa ń ya ọ̀pọ̀ pílánù kí ọ̀gá wa tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó lu èdìdì wọn. Mo bá kọ̀wé sí Bọ̀dá níkọ̀kọ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì, kí kọntirátọ̀ yẹn má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ojú ilé yẹn bó ṣe wà, lẹ́yìn náà n ó ya bẹ́ẹ ṣe fẹ́ kó rí, ká wá gbé méjèèjì síwájú Ìyá Àgbà. Wọ́n dá mi lóhùn pé kí lẹ tún fẹ́ ya ohun tó wà nílẹ̀ sí, ṣebí gbogbo wa la mọ ojú ilé wa.

Ìbéèrè yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Torí kò séèyàn tó mọ ojú ilé tó ń wọ̀, tó ń jáde nínú ẹ̀, títí dọjọ́ tó bá mú tépù wọ̀n ọ́n.

Mi ò sọ pé ilé ìgbèríko àwọn Òyìnbó ò dáa o. Mo fẹ́ràn wọn, mo ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ wo àwòrán wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ojú tá à ń rí lára púpọ̀ nínú wọn lónìí kọ́ lojú tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ pẹ̀lú. Ẹ wo Althorp ní Northamptonshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé bàbá Princess Diana, ibi tí wọ́n sin Diana sí. Bíríkì pupa nilé yẹn látilẹ̀wá. Nígbà tó di nǹkan bí 1788, bíríkì pupa ò bá fáàrí ìgbà yẹn mu mọ́, Earl Spencer kejì bá pe ákítẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Henry Holland, ìyẹn wá fi táìlì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ara ilé náà. Mathematical tiles ni wọ́n ń pe táìlì yẹn, wọ́n á tò ó kí ọ̀kan gun ìkejì lórí, ibi tó bá hàn síta á dà bí ojú bíríkì, wọ́n á wá fi ìlẹ̀pọ̀ dí àárín ẹ̀, tó o bá ń wò ó, wàá búra pé bíríkì ni. Ẹ ẹ̀ rí i pé ohun tí kọntirátọ̀ Bọ̀dá fẹ́ ṣe, àwọn yẹn ti ṣe irú ẹ̀ lóhun tó ju igba ọdún lọ. Highclere náà ńkọ́, ní Hampshire? Ilé onígun mẹ́rin tí ò ní wàhálà kankan lójú ni tẹ́lẹ̀. Charles Barry, ẹni tó ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Westminster, ló fi òkúta tí wọ́n ń pè ní Bath stone wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun láàárín 1842 sí 1849, tó gbé ilé-ìṣọ́ sórí ẹ̀. Àwòrán tí Barry yà fún ojú ilé yẹn ju ẹyọ kan lọ kí wọ́n tó fẹnu kò.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Wọ́n yà á. Orí bébà ni wọ́n ti kọ́kọ́ jà á, tí wọ́n ti pa á rẹ́, tí wọ́n ti yí wíńdò padà, bébà ò wọ́n tó òkúta.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn kì í tiẹ̀ ṣe ákítẹ́ẹ̀tì pọ́ńbélé, Humphry Repton ni, iṣẹ́ ọgbà àti àyíká ilé ló fi orúkọ ẹ̀ lélẹ̀, 1788 ló bẹ̀rẹ̀, ó kú ní 1818. Tí olówó kan bá pè é, á lọ sílé onítọ̀hún, á wo gbogbo ẹ̀ yíká, á wá ṣe ìwé kan fún un tí wọ́n fi awọ pupa dì, Red Book ni wọ́n ń pè é. Nínú ìwé yẹn, á fi ọ̀dà olómi ya ibẹ̀, á wá lẹ bébà kékeré kan mọ́ orí àwòrán yẹn bí ìlẹ̀kùn. Tí bébà yẹn bá wà nílẹ̀, bí ibẹ̀ ṣe wà lónìí lẹ ó máa wò. Tẹ́ẹ bá ṣí i sókè, bó ṣe máa rí lẹ́yìn iṣẹ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìka kan péré lẹ fi ń lọ tẹ́ẹ fi ń bọ̀ láàárín méjèèjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò sùn bọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé ẹni tó ni ilé ò lè ronú dáadáa àyàfi tó bá rí ohun tó ń lọ àti ohun tó ń bọ̀ lójú kan náà.

Irú ẹ̀ ni mo pinnu láti ṣe fún Ìyá Àgbà.

Sátidé àkọ́kọ́, èmi àti Sodiq, ọmọ Àǹtí Bùkí, la jọ lọ, aago méje kò tíì lù tá a fi débẹ̀ kí ọkọ̀ àtàwọn ọlọ́jà tó dí ojú ọ̀nà. Ohun tá a mú dání ò pọ̀, tépù gígùn kan, àkàbà tá a yá, ẹfun, okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí, àti róbà gígùn tínínrín tí wọ́n ń rọ omi sí, èyí táwọn bíríkìlà fi ń mọ ibi tó dọ́gba. Róbà yẹn ṣe pàtàkì gan-an torí ilẹ̀ iwájú ilé wa rọ̀ sápá gọ́tà, tẹ́ẹ bá fi ilẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n yín, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ máa rọ omi sí i, ẹnì kan á dúró ní igun ọ̀tún, ẹnì kan ní igun òsì, ibi tí omi bá dúró sí lápá méjèèjì lẹ ó fi ẹfun sàmì sí, ẹ ó wá fa ìlà láti ibí dé ọ̀hún. Ìlà omi là ń pè é, ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n á ti máa lọ sókè, lọ sísàlẹ̀.

Ohun kejì tí ọ̀gá mi kọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí n má wọn wíńdò kan, kí n ká tépù, kí n tún lọ wọn èyí tó tẹ̀ lé e. Igun ilé lẹ ó di orí tépù mú mọ́, ẹ ó nà án tán dé igun kejì, ẹ ó wá máa ka iye tó bọ́ sí létí wíńdò, létí ilẹ̀kùn, létí òpó, ẹ ò ní gbé e kúrò títí ẹ ó fi parí. Tẹ́ẹ bá ń wọ̀n ọ́n ní kéékèèké, àṣìṣe kékeré kékeré á máa kó ara wọn jọ, kẹ́ẹ tó dé igun kejì ó ti di àṣìṣe ńlá, ẹ ò sì ní mọbi tó ti wọlé.

Ilé wa fẹ̀ ní mítà 11.4. Gbogbo wa, látorí Ìyá Àgbà dórí ọmọ tó kéré jù, la gbà pé àárín gbùngbùn ni ilẹ̀kùn àbáwọlé wà. Àárín ilé jẹ́ 5.7. Àárín ilẹ̀kùn bọ́ sí 5.46. Sẹ̀ǹtímítà 24 ló fi sún sápá òsì! Mo ní kí Sodiq tún un wọ̀n, mo tún un wọ̀n fúnra mi, kò yí padà. Mo bá wọlé lọ wo ohun tó fà á, mo rí i pé àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹni tó kọ́lé yẹn fẹ́ kí àtẹ̀gùn ráyè gòkè lápá ọ̀tún, ló bá rọra sún ilẹ̀kùn. Ó wá ku bó ṣe máa fi í pamọ́ fójú. Mo gun àkàbà lọ wo ọnà tó wà lókè ilẹ̀kùn, òdòdó kan ló wà láàárín, ewé wá nà jáde látara ẹ̀ lọ sọ́tùn-ún àti sósì. Mo ka ewé yẹn. Méje ló wà lápá òsì. Mẹ́jọ ló wà lápá ọ̀tún. Ewé kan tó lé yẹn ló fa ojú wa padà sáàárín láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀. Orí àkàbà yẹn lomi ti bọ́ lójú mi, mi ò parọ́ fún yín.

(Àwọn ákítẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì náà mọ irú ọgbọ́n yẹn dáadáa. Wọ́n á ṣe wíńdò sára ilé tí kò sí yàrá kankan lẹ́yìn ẹ̀, ògiri lásán ni, kí apá ọ̀tún lè bá apá òsì mu. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé torí owó orí tí wọ́n ń gbà lórí wíńdò ni, owó orí yẹn wà lóòótọ́ láti 1696 di 1851, àwọn kan sì dí wíńdò wọn torí ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ pé orí bébà ni wọ́n ti ya wíńdò yẹn ní ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀.)

Lẹ́yìn èyí la wá kan ògiri. Lóhun tó tó ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹbí gbé ẹnì kan wá tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ńdà gbogbo ìsàlẹ̀ ilé. Owó yẹn pọ̀ nígbà yẹn, gbogbo wa yọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ni, omi abẹ́ ilẹ̀ erékùṣù Èkó sì sún mọ́ òkè, omi yẹn máa ń fà gòkè nínú ògiri lójoojúmọ́. Ẹfun láìmù (lime) tí àwọn Àgùdà fi rẹ́ ẹ nígbà àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ kó mí jáde, á gbẹ. Sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kó jáde, omi wá há sínú, amọ̀ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó kúrò lára sìmẹ́ǹtì. Mo fi ìdí òòlù kan ògiri yẹn ní díẹ̀díẹ̀, ibi tó dáa á dún kì, ibi tó ti ṣófo á dún bí igbá. Mo fi ẹfun yí gbogbo ibi tó ń dún bí igbá ká, mo yà á sórí bébà pẹ̀lú ìlà tó gé wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo parí, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìsàlẹ̀ ilé. Ara ẹ̀ ni kọntirátọ̀ yẹn fẹ́ lu ihò sí láti gbé irin alúkóbọ́ǹdù kọ́, bẹ́ẹ̀ ihò tí wọ́n bá lu sínú amọ̀ tó ti rọ̀ ò lè di bóòtù kankan mú, òjò tó bá gba ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé, kò sẹ́ni tó máa rí i títí dọjọ́ tó máa dà wálẹ̀.

Mo ya ojú ilé yẹn sórí bébà A3, irú àwòrán tá à ń pè ní elevation, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ìdajì mítà, ilé wá di sẹ̀ǹtímítà 22.8 lórí bébà. Elevation ò jọ fọ́tò o. Fọ́tò á sọ ohun tó jìnnà di kékeré, elevation ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó dà bíi pé ojú yín wà níwájú gbogbo ara ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò séèyàn tó lè dúró níbì kankan láyé kó fojú rí ilé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe máa ń tú àṣírí.

Mo wá mú bébà tó ń fi nǹkan abẹ́ ẹ̀ hàn, mo gbé e lé orí ẹ̀, mo ya òpó mẹ́rin Bọ̀dá bó ṣe wà nínú fọ́tò, mi ò rẹ́ ẹ jẹ rárá, mo yà á kó rẹwà bí mo ṣe lè yà á mọ, torí ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ lẹ́ni tá a máa yà dáadáa. Tí mo bá fi ilẹ̀kùn ṣe àárín, òpó tó wà lápá òsì pátápátá bọ́ síwájú wíńdò párálọ̀. Tí mo bá fi ilé ṣe àárín, ilẹ̀kùn á ya kúrò láàárín òpó, gbogbo ayé á wá rí sẹ̀ǹtímítà 24 tí ewé kan ti ń bò mọ́lẹ̀ látijọ́ yìí. Mo tún wo ilẹ̀. Láti ògiri wa dé gọ́tà, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 10 ni. Inú gọ́tà lẹsẹ̀ òpó yẹn máa wà.

Ohun tó yé mi jù lọ́jọ́ yẹn nìyí. Ilé ìgbèríko Gẹ̀ẹ́sì, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Àlejò á gba ẹnu géètì wọlé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin á gbé e gba àárín igi, á yà, á tún yà, ilé á wá yọ sí i lójijì lẹ́yìn koríko, gbogbo ẹ̀ pátá lẹ́ẹ̀kan. Òpó ńlá ló yẹ ibẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ jọjú láti ọ̀nà jíjìn. Ní Pópó Àgùdà ńkọ́? Ògiri ilé òdìkejì ò jìnnà sí tiwa, kò síbi tẹ́ẹ lè sún sẹ́yìn sí láti rí gbogbo ilé yẹn tán. Ẹ̀ ń kọjá lọ ni, ẹ gbójú sókè, ẹ rí òdòdó kan, ẹ rí etí wíńdò kan. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kó ọnà wọn síbi tójú ẹni tó ń kọjá máa ń dé.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e la pé jọ sí párálọ̀ Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ti pé ọgọ́rin ọdún àti mẹ́ta. Bọ̀dá Kúnlé wà lórí fídíò. Mo lẹ bébà òkè yẹn mọ́ ti ìsàlẹ̀ bíi ti Repton, mo gbé e lé Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀, mo fi bí wọ́n á ṣe ṣí i hàn wọ́n. Wọ́n wọ gíláàsì wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá fi ìka tẹ òpó òsì yẹn.

"Wíńdò tí mo máa ń jókòó sí lèyí tòpó bò yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Níbo ni n ó ti máa wo kàrẹ́tà?"

Láti kékeré ni wọ́n ti ń wo àwọn oníkàrẹ́tà Campos, àwọn alárìíyá Àgùdà tó ń wọ aṣọ ọ̀ṣọ́ jó lójú pópó, tó ń kọjá láti ojú wíńdò yẹn, gbogbo ilé ló mọ̀. Bọ̀dá dákẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní kí n gbé àwòrán ìsàlẹ̀ sún mọ́ kámẹ́rà, kí n fi ibi tí ewé jẹ́ méje àti mẹ́jọ hàn wọ́n, wọ́n kà á sókè fúnra wọn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n wá sọ nǹkan tí mi ò retí. Wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ilé ẹ̀ wà nínú lísìtì àwọn ilé àtijọ́, wíńdò iwájú lásán ló fẹ́ pààrọ̀, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní kó lọ mú àwòrán bó ṣe wà àti bó ṣe fẹ́ kó rí wá kí wọ́n tó dá a lóhùn. Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ, látorí òfin tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1947 ni wọ́n ti ń kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, Grade I, Grade II pẹ̀lú ìràwọ̀, àti Grade II, ẹni tó bá yí ojú ẹ̀ padà láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e dé kóòtù ni. Bọ̀dá wá ní, "Kí ló dé tí mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ fún ilé tiwa?"

Mi ò dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Èkó, ló wà lọ́kàn mi. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ sí Tinubu Square, ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Mo débẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo ń wo ọnà tó fọ́ nínú iyẹ̀pẹ̀, kò sí tépù tó lè wọ̀n ọ́n mọ́.

Àwọn ẹbí fẹnu kò pé kò sí alúkóbọ́ǹdù, kò sí òpó. Owó tí Bọ̀dá fẹ́ ná, ara ẹ̀ á kọ́kọ́ tún páànù àti ọ̀nà omi òrùlé ṣe, nítorí omi tó ń tòkè bọ̀ náà ń dá kún un, ìyókù á bá ògiri lọ. Ọ̀gá mi ti gbà láti yẹ àwòrán yẹn wò kí wọ́n lu èdìdì sí i fún ìwé àṣẹ. Àǹtí Bùkí ṣì ń bínú díẹ̀, wọ́n ní ilé ò ní yàtọ̀ tí àlejò bá dé, mo gba ìyẹn fún wọn, torí àwọn ló ń gbé ibẹ̀.

Sátidé tó kọjá yìí, bíríkìlà kan tó mọ ilé amọ̀ dáadáa wá bá wa dán ibi kékeré kan wò nínú àwọn ibi tó ń dún bí igbá, ó fi síséèlì gbá sìmẹ́ǹtì yẹn jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹfun láìmù àtijọ́ wà lábẹ́ ẹ̀ síbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀ rí pé ilé yẹn ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. A pe Ìyá Àgbà wá síta. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo mú tépù, mo di orí ẹ̀ mọ́ igun ilé, mo nà án dé ibẹ̀, mo kọ ọ́ sára àwòrán: mítà 1.62 láti igun òsì, sẹ̀ǹtímítà 40 sísàlẹ̀ ìlà omi, pupa rẹ́súrẹ́sú.